Omi Bátìrì Kì í Ṣe Ẹyọ Kan

Ohun tí ó mú mi gbé gègé lọ́tẹ̀ yìí kò tóbi lójú ẹni tí kò ní ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ bátìrì ni. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ọkọ̀ mi kọ̀ láti ṣíná ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní Máfolúkù, ní Òṣòdì. Mo ké sí ọ̀gá kan tí ó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì, òun náà sì rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sí mi. Ọmọ náà ṣí àwọn ọmọrí bátìrì, ó yọjú wò wọ́n, ó ní, "Bàbá, omi rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ o." Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún ni mo dá a lóhùn pé, "Kò burú, ọmọ mi. Bu omi bátìrì sí i." Ó wọ inú ìsọ̀ lọ, ó gbé ike kan jáde, ó sì bù ú sí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí ó fi kún. Ásíìdì ni ó wà nínú ike náà. Díẹ̀ ta sí i lára ṣòkòtò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibẹ̀ ti lu bí asẹ́. Bátìrì tèmi kò lò ju oṣù mẹ́rin lọ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ nà án. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó fi í sílẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ohun tí mo ní kí ó bù ni ó bù.

Ní Òṣòdì, ní Ìsọlọ̀, àti ní ọjà Ládípọ̀ tí ó wà nítòsí wọn ní Mùṣín, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ń pè ní "omi bátìrì". Èkíní ni ásíìdì tí a pò mọ́ omi, tí a máa ń rọ sínú bátìrì titun ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lò ó. Èkejì ni omi mímọ́ gaara, tí kò ní iyọ̀ tàbí irin kankan nínú, tí a fi ń dí èyí tí ó bá fẹ́. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì nínú ike. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ń gbé ẹ̀mí bátìrì ró, èkejì sì ń pa á bí a bá bù ú sí i ní àsìkò tí kò yẹ. Èmi kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa ní ìlú Èkó tí orúkọ kan ṣoṣo ti ń ṣe ìpalára tó báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀ fínnífínní. Yàrá mẹ́fà ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ìkọ̀ọ̀kan sì ń mú agbára tí ó lé díẹ̀ ní fọ́ltì 2 wá. Ìdí nìyí tí bátìrì tí ó kún dáadáa fi máa ń ka nǹkan bíi fọ́ltì 12.6, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ti 12. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, abala òjé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, abala òjé tí ó ti gba ọ́síjìn sára sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Eérú ni àwọ̀ ti àkọ́kọ́, ti èkejì sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ásíìdì imí-ọjọ́ tí a là mọ́ omi ni ó yí wọn ká. Bí a bá ń lo iná, imí-ọjọ́ inú ásíìdì náà yóò kúrò nínú omi, yóò lọ lẹ̀ mọ́ abala méjèèjì. Omi yóò wá máa fúyẹ́. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bá ń dá iná padà, imí-ọjọ́ yóò tún padà sínú omi. Gaston Planté ará Faransé ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì yìí ní 1859, ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì yí padà títí di òní.

Nísinsìnyí, kí ni ó ń gbẹ nínú bátìrì? Omi nìkan ni. Iná tí ẹ̀rọ ń dá padà máa ń tú díẹ̀ nínú omi náà di afẹ́fẹ́, oòrùn Èkó sì ń lá èyí tí ó kù. Ásíìdì kì í gbẹ. Bí omi bá fà, ásíìdì tí ó ṣẹ́kù ń le sí i ni. Ẹni tí ó bá wá tún bu ásíìdì lé e, iná lé iná ni ó ṣe: ásíìdì náà yóò jẹ igi òjé tí ó gbé abala ró títí yóò fi já. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bátìrì tèmi nìyẹn.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí á jẹ́ kí gbólóhùn "omi bátìrì" kúrò nínú ìwé wa pátápátá. Kí á pe èkíní ní "ásíìdì bátìrì", láìfi omi kún orúkọ rẹ̀ rárá. Ní ti èkejì, omi tí a sè títí ó fi di oòru, tí a sì jẹ́ kí oòru náà tutù, kí ó kán sílẹ̀, ni. Àwọn tí ń pọn ògógóró ní etí òkun àti ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́pẹ ti mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́: wọn a se ẹmu, wọn a la páìpù gba inú omi tútù kọjá, ọtí a sì máa kán. "Àsèkán" ni mo fẹ́ kí á máa pè é: omi àsèkán. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ "àsèjẹ" kò ní bi wá bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò ní ọ̀rọ̀ Yorùbá wà fún ásíìdì, pé "omikíkan" ni. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo sì mọ ohun tí ó fà á: wọ́n gbọ́ pé ásíìdì ń kan lẹ́nu, wọ́n sì tú u bẹ́ẹ̀. Èmi lòdì sí i. Omikan ni omi tí ó lé lórí ògì. Inú rẹ̀ ni ìyá wa ń rẹ ewé àti egbò sí, òun ni a ń bù fún ọmọ tí ibà ń ṣe. Ẹni tí ó bá fi orúkọ tí ó súnmọ́ àgbo tó báyìí pe ohun tí ń jó awọ ara, ó ti fi ìgò májèlé sí àárín ìgò oògùn. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ẹ̀gàn. "Ásíìdì" ti wọ Yorùbá, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì bá a wọlé: kò sí ìyálọ́jà kan ní Òṣòdì tí yóò gbọ́ "ásíìdì" tí kò ní fà sẹ́yìn. Ìbẹ̀rù yẹn wúlò, kí á má ṣe sọ ọ́ nù nítorí ìfẹ́ ògidì èdè.

Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ní ọ̀rọ̀ tiwa tí ó pé, kò sí ìdí tí a ó fi yá ti ẹlòmíràn. Mo rí olùkọ́ tí ó ń kọ "léèdì" sí ojú pátákó, bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa tí kò rí bátìrì rí ń sọ pé a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òjé ni òjé. Imí-ọjọ́ náà wà lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ títí di òní. Ohun tí ó sì bí mi nínú jù ni "àwo bátìrì", tí àwọn kan fi ń pe àwọn abala òjé inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tú, wọn kò wo nǹkan tí ó wà nílẹ̀. Ta ni ó ń jẹun nínú bátìrì?

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí ni "gbígbẹ". Bí ẹ bá dé ìsọ̀ bátìrì, ọmọ ọjà yóò bi yín pé, "Olómi ni ẹ fẹ́ ni, àbí gbígbẹ?" Ohun tí ó ń pè ní gbígbẹ ni bátìrì tí a lẹ orí rẹ̀ pa, tí kò ní ọmọrí tí a lè ṣí. Kò gbẹ rárá. Ásíìdì kún inú ọ̀pọ̀ wọn bí ti olómi. Òjé inú rẹ̀ ni wọ́n fi kálísíọ́mù díẹ̀ pò, tí omi rẹ̀ kò fi tètè ń fà. Àwọn mìíràn wà lóòótọ́ tí owú tàbí ohun tí ó dì bí ògì fa ásíìdì mu nínú wọn, síbẹ̀ ásíìdì ni. Ní ìgbà kan rí, bátìrì tí a kó dé láti òkè òkun láìtíì rọ ásíìdì sí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní gbígbẹ, orúkọ náà sì bá a mu. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà ń jẹ́ gbígbẹ nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Nǹkan mẹ́ta, orúkọ kan. Mo ti rí ẹni tí ó dojú irú bátìrì àlẹ̀pa bẹ́ẹ̀ dé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti Ìsọlọ̀ dé Èjìgbò, nítorí wọ́n ní gbígbẹ ni. Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ ni ó sọ ìyókù fún un. "Bátìrì àlẹ̀pa" àti "bátìrì ọlọ́mọrí" ni èmi yóò máa pè wọ́n: ohun tí ojú rí ni orúkọ náà sọ, kò sì tan ẹnikẹ́ni.

Kí á má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni àṣìṣe wà. Níbi kan, èdè wọn pé ju tiwa lọ. Bátìrì tí iná inú rẹ̀ tán, wọn a ní "ó ti dáùn". Èyí tí ó ń gba iná ní alẹ́ tí kò ní nǹkan kan mọ́ ní òwúrọ̀, wọn a ní "kì í gbé iná dúró mọ́". Èyí tí yàrá rẹ̀ kan ti já, wọn a ní "ó ti kú". Àìsàn mẹ́ta, ìwòsàn mẹ́ta. Àwa tí a kàwé ni a ń fi "kú" pe gbogbo rẹ̀, tí a sì ń ra titun nígbà tí ó yẹ kí á gba iná sí ti àtijọ́ fún alẹ́ kan.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí bátìrì pẹ́ tó? Ní ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù díẹ̀, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún wọ́pọ̀. Níbí, ẹni tí ó bá rí ọdún mẹ́ta lò, kí ó dúpẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òtútù ni ọ̀tá bátìrì. Òtútù ń dí i lọ́wọ́ ni, ooru ni ó ń pa á. Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ní ìṣirò àfojúdá kan: bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ti Sẹ́ńtígíréètì lé sí i, ìjẹra inú rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ yára ní ìlọ́po méjì, ẹ̀mí rẹ̀ a sì dín sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ tí ó wà nínú gosìló ní ojú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá ní ọ̀sán oṣù kejì: oòrùn lókè, ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kò kọjá. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí ń dá iná padà kò yí kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni fáànù, iná iwájú àti ẹ̀rọ amúkọ̀-tutù ń fà á lọ. A fi ooru sun ún, a tún fi ebi pa á. Bí wọ́n ṣe ṣí ibùdókọ̀ titun Òṣòdì ní 2019, gosìló kò tán ní agbègbè náà.

Bí bátìrì bá sì wà láìní iná fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, imí-ọjọ́ tí ó lẹ̀ mọ́ òjé yóò le, yóò dá èépá funfun, iná kì yóò sì lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Èépá yìí ni mo fẹ́ kí á fi kọ́ ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ó yé wọn ju orúkọ gígùn tí ó wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Èyí ni ó fà á tí mo fi ń bẹ̀rù bátìrì tí ó ti pẹ́ lórí àtẹ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ "pẹ́" fúnra rẹ̀ ń dojú rú: "bátìrì tí ó ń pẹ́" ni oníbàárà ń wá, "bátìrì tí ó ti pẹ́" ni ọlọ́jà sì lè kó fún un. Mo dá a lábàá pé kí á máa sọ "ọjọ́-orí bátìrì" fún iye oṣù tí ó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é, kí á sì fi "ìlòpẹ́" sílẹ̀ fún iye ìgbà tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́-orí wà lára bátìrì náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì àti nọ́ńbà ni àwọn kan fi kọ ọ́. Bí ó bá ju oṣù mẹ́fà lọ, èmi kì í rà á. Mo tún máa ń ní kí ọlọ́jà fi míítà wọ̀n ọ́ níṣojú mi. Bí kò bá tó fọ́ltì 12.4, mo máa ń ní kí ó gbé òmíràn wá. Ní ti bátìrì tòkunbọ̀, ẹlòmíràn ti jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, egungun ni wọ́n ń tà fún wa.

Ẹni tí ó bá ń ra òmíràn, kí ó kọ́kọ́ wo ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sílẹ̀, ìyẹn iye ampere-wákàtí, bíi 45 tàbí 60 tàbí 75, àti ẹ̀gbẹ́ tí orí rẹ̀ kọjú sí. Ó yẹ kí ó jókòó sí àyè rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kí irin sì dè é mọ́lẹ̀, nítorí kòtò títì ń gbọn ohun tí ó wà lára òjé dànù. Iye gíga kan wà tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí i lára, tí ó sọ agbára tí ó ní láti ṣíná nínú òtútù. Nínú òtútù tí ó jẹ́ ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Kò sí òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìsọlọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó kún owó nítorí rẹ̀. Kí ó sì tó sanwó rárá, kí ó jẹ́ kí wọ́n wọn iná tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ń dá padà. Bí kò bá wà láàárín nǹkan bíi fọ́ltì 13.8 sí 14.4, bátìrì kọ́ ni ó ń ṣàìsàn.

Àwọn tí ń fi bátìrì ọkọ̀ gbé iná ilé nígbà tí iná ìjọba bá lọ pọ̀ ní àdúgbò wa. Bátìrì ọkọ̀ dàbí sárésáré: agbára ńlá ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fẹ́ sinmi, kí wọ́n sì fún un lóúnjẹ. Bátìrì ilé dàbí alárù inú ọjà Òṣòdì tí ó ń ru ẹrù láti àárọ̀ di alẹ́. Abala òjé ti alárù nípọn, ti sárésáré fẹ́lẹ́. Bí a bá pààrọ̀ iṣẹ́ wọn, èyí tí ó fẹ́lẹ́ kì í rí ọdún méjì.

Ó ku ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti owó. Òjé lé ní ìdajì ìwọ̀n bátìrì, nítorí náà ni àwọn ọlọ́mọlanke ṣe ń rà á lọ́wọ́ wa. Láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọdé 18 kú ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gàl, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ àlòkù bátìrì, tí wọ́n sì ń jọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nínú àgbàlá láti ṣa òjé. Ní 2010, ní Zamfara ní orílẹ̀-èdè tiwa, wúrà ni àwọn òbí ń wà, òjé inú òkúta náà ni ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ wọn. Òjé kò ní òórùn, kò ta lára. Ọpọlọ ọmọ ni ó ń jẹ. Nígbà tí mo bi àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Òṣòdì léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa òjé, wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ásíìdì nìkan ni ó burú. Ọ̀rọ̀ wà, ìmọ̀ kò bá a rìn.

Láti 1970 ni ètò ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kí ó sì yè é. Ní 1984, a rí Èdè-Ìperí Yorùbá gbà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó rọ ásíìdì sínú bátìrì mi kò sí nínú kíláàsì ẹnikẹ́ni nínú wa. Ìsọ̀ ni kíláàsì tirẹ̀. Mo mú ọ̀dà lọ síbẹ̀, mo sì bẹ ọ̀gá rẹ̀ kí ó jẹ́ kí n kọ orúkọ sí ara ike méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, 'àsèkán' yín dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ń tà á fún wa ní Ládípọ̀ kò mọ̀ ọ́n." Ó jẹ́ kí n kọ ọ́ ṣá. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kọjá ìsọ̀ rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa bá mọ orúkọ tí àwọn oníbátìrì ìlú rẹ̀ ń pe omi méjèèjì, yálà ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Kétu tàbí ní Sàbẹ́, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Bí a bá rí èyí tí ó dára ju àsèkán lọ, èmi fúnra mi ni yóò gbé ọ̀dà lọ pa tèmi rẹ́.